Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Káàdì Ìkíni

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ lórí àròkọ asọ̀tàn. A rí i pé ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ó sì padà sẹ́yìn bí ó bá wù ú. Àròkọ aṣàlàyé kò fún ènìyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti la ohun kan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ìbéèrè bá ní kí o ṣe àlàyé bí a ṣe ń se ọṣẹ, bí a ṣe ń hun ẹní, tàbí bí a ṣe ń ṣe káàdì, ohun kan ni olùdánwò fẹ́ mọ̀: bí ẹni tí kò ṣe é rí bá mú ìwé rẹ lọ́wọ́, ǹjẹ́ yóò lè ṣe é?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń rò pé àròkọ yìí rọrùn, nítorí pé kò gba òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Ohun tí ó bá ti mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ jù, ojú rẹ̀ kì í rí i mọ́. Ẹni tí ó ti ń ro àmàlà láti ọdún mẹ́wàá lè gbàgbé láti sọ pé omi gbọ́dọ̀ hó kí a tó da èlùbọ́ sí i. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n jù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí a bá fò lè sọ gbogbo iṣẹ́ di òdìkejì, tí ẹni tí ó tẹ̀lé àlàyé wa yóò sì máa rò pé òun ni òpè. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ nìyí. A ó fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kọ́ ọ, èyí tí àṣìṣe inú rẹ̀ kì í fara pamọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ṣe àlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ kan, tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, bí ó ṣe lè fi òǹtẹ̀ rọ́bà àti ìwé aláràbarà ṣe káàdì ìkíni ọdún fún òbí rẹ̀. (Àròkọ rẹ kò gbọdọ̀ dín ní 450 ẹyọ ọ̀rọ̀.)

ÀYẸ̀WÒ ÌBÉÈRÈ

Kí o tó kọ ohunkóhun, fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè náà ró. Nínú ìbéèrè yìí, márùn-ún ni wọ́n.

(i) "Ṣe àlàyé." Wọn kò ní kí o sọ ìtàn, wọn kò sì ní kí o jiyàn bóyá káàdì dára tàbí kò dára.

(ii) "Fún ọ̀rẹ́ rẹ kan." Ẹgbẹ́ rẹ ni ò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà "o" àti "rẹ" ni ó yẹ kí o lò. Bí o bá ti mú "o", má ṣe fi í sílẹ̀ títí dé òpin.

(iii) "Tí kò ṣe irú rẹ̀ rí." Má ṣe rò pé ó mọ nǹkan kan. Dárúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, sọ bí ó ṣe tóbi tó, sì sọ ohun tí ojú yóò rí bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé.

(iv) "Òǹtẹ̀ rọ́bà àti ìwé aláràbarà." Ohun méjì ni. Ẹni tí ó bá ṣe àlàyé òǹtẹ̀ nìkan, ìdajì ìbéèrè ni ó dáhùn.

(v) "Fún òbí rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sínú káàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń bá àgbà sọ.

Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀. Bí o bá ń ka ìwé dáadáa, o lè mọ̀ pé ní ọdún 1843 ni Henry Cole ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán káàdì Kérésìmesì fún òun ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún títà ní ṣílè kan. O sì lè mọ̀ pé ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí a fi ń fi imí-ọjọ́ àti iná sọ rọ́bà di líle, tí kì í fi yọ́ nínú oòrùn mọ́. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ọ́. Gbólóhùn kan nínú ìfáárà tó fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ìpínrọ̀ méjì rò ó, àkókò rẹ ni o fi ṣòfò, ọ̀rẹ́ rẹ kò sì tíì ní káàdì lọ́wọ́.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: ìdí tí káàdì àfọwọ́ṣe fi níye lórí.
2. Ohun èlò.
3. Ṣíṣe ìwé aláràbarà. (Èyí ni ó ṣáájú, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ di ọjọ́ kejì.)
4. Kíkọ ọ̀rọ̀ sára rọ́bà: yíyí i padà, àti ìdí rẹ̀.
5. Fínfín òǹtẹ̀.
6. Lílu òǹtẹ̀ àti lílẹ káàdì pọ̀.
7. Ọ̀rọ̀ inú káàdì.
8. Ìkádìí.

Wo bí kókó kọ̀ọ̀kan ṣe di èkejì mú. Bí o bá gbé kókó 5 ṣáájú kókó 4, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí o tó rántí ohun tí ó yẹ kí o sọ. Ka àròkọ tí ó tẹ̀lé èyí lẹ́ẹ̀mejì. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó gùn ju 450 ẹyọ ọ̀rọ̀ lọ, kí o lè rí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀.

ÀRÒKỌ ÀPẸẸRẸ

Bí O Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Rẹ Ṣe Káàdì Ìkíni Ọdún

Káàdì tí a rà lọ́jà lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Èyí tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ni o ṣe é fún, ẹni náà yóò sì mọ̀. Kò gba owó púpọ̀. Ohun tí ó gbà ni sùúrù àti ọjọ́ méjì. Bí o bá tẹ̀lé mi ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ìwọ náà yóò ṣe é.

Kọ́kọ́ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ: páálí funfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ya àwòrán, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 15, ìwé funfun méjì tí kò ní ìlà, àti ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan sílípáàsì rọ́bà tí ó ti já, pákó pẹlẹbẹ kékeré, bíléèdì titun, pẹ́ńsù tí ó dúdú, rúlà, sísọ́ọ̀sì, dígí, òòyà tí eyín rẹ̀ fẹ̀, gọ́ọ̀mù, fóòmù díẹ̀, ìdérí agolo, àti tàdáwà tí a fi ń lu òǹtẹ̀. Fún ìwé aláràbarà, wá ṣíbí ńlá méjì láfún tí a ti kù dáadáa, àti búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun.

Ìwé aláràbarà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò ní í gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Po láfún náà mọ́ omi tútù díẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́. Da ife omi híhó kan lé e, kí o sì máa rò ó bí o ti ń dà á, títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Bí kò bá ki, gbé e ka iná díẹ̀, kí o má sì dẹ́kun láti máa rò ó. Jẹ́ kí ó tutù. Lọ búlúù kúnná, kí o pò ó mọ́ ẹ̀kọ náà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Fi omi pa ojú ìwé funfun kan fẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o sì fi fóòmù pa ẹ̀kọ aláwọ̀ náà sí i kárí. Kí ó tó gbẹ, fa òòyà gba ojú rẹ̀. Bí o bá fà á tààrà, ìlà ni yóò ṣe. Bí o bá ń yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì bí o ti ń fà á, yóò ṣe bí ìgbì omi. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi fóòmù pa á rẹ́ kí o sì tún un fà. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn náà ń lo ẹ̀kọ láfún, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tiwọn ń dí aró lọ́nà ni, kí ó má baà wọ ojú aṣọ. Tiwa ni ó gbé àwọ̀ wá. Sá ìwé náà sí ibòòji. Bí ó bá gbẹ tán, kó ìwé wúwo lé e lórí di ọjọ́ kejì kí ó lè tẹ́.

Nígbà tí ìwé bá ń gbẹ lọ́wọ́, mú òǹtẹ̀ ṣe. Gé rọ́bà sílípáàsì náà kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 6 sẹ̀ǹtímítà, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 3. Fi ojú rẹ̀ kan ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì dídán títí yóò fi tẹ́jú. Lẹ́yìn èyí, fi pẹ́ńsù kọ ÌYÁ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní lẹ́tà ńlá. Jẹ́ kí igi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nípọn, kí àmì ohùn náà nípọn, kí o sì tẹ pẹ́ńsù náà kí ó dúdú dáadáa.

Wàyí o, dúró! Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà sára rọ́bà bí a ti ń kà á. Da ojú ìwé náà dé sórí rọ́bà, kí o sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ẹ̀yìn ìwé náà títí ohun tí o kọ yóò fi lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Bí o bá ṣí i, ìwọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: lẹ́tà tí ó wà lọ́wọ́ òsì ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, nítorí pé nígbà tí o bá lù ú lórí ìwé, yóò tún yí padà sí ipò rẹ̀. Gbé rọ́bà náà sí iwájú dígí. Bí o bá rí ÌYÁ nínú dígí, o ti ṣe é re. Bí o bá rí nǹkan mìíràn, pa á rẹ́ kí o sì tún un ṣe.

Ojú mi ni ó ti rí i. Òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fín, ỌMỌ ni mo kọ sí i. Mo kọ ọ́ bí a ti ń kà á, ó sì jáde dáadáa, nítorí pé bákan náà ni ỌMỌ rí láti ọ̀tún àti láti òsì. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́. Nígbà tí ọdún dé, mo fín ÌYÁ lọ́nà kan náà. Mo lù ú lálẹ́ ní ìdí àtùpà; gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán, n kò sì fura. Nígbà náà, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà. Wọ́n gba káàdì náà, wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kà á jáde: "Àyí." Wọ́n tún un kà: "Àyí." Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, "Mo ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n kà." Wọ́n mọ̀ ọ́n kà, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n fín. Lẹ́tà ti yí, àmì ohùn sì bá a yí: ti ìsàlẹ̀ di ti òkè, ti òkè di ti ìsàlẹ̀.

Bí dígí bá ti jẹ́rìí sí i, mú bíléèdì. Fi aṣọ wé apá kan rẹ̀, kí o sì máa gé e lọ sí ọ̀nà tí ó jìnnà sí ọwọ́ tí o fi di rọ́bà mú. Gbogbo ibi tí pẹ́ńsù kò dé ni kí o gé kúrò, kí ó jìn tó mìlímítà 3, kí lẹ́tà lè yọrí sókè. Dẹ bíléèdì náà gẹ̀rẹ̀ kúrò lára lẹ́tà, kí ìdí lẹ́tà lè fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Lẹ́tà tí ìdí rẹ̀ bá tín-ín-rín yóò wó nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́. Rọra ṣe ní ibi àmì ohùn. Nítorí pé ó kéré, òun ni bíléèdì máa ń tètè gé dànù. Nígbà tí o bá ṣe tán, fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rọ́bà mọ́ pákó, kí o sì fa ìlà kan sí ẹ̀yìn pákó níbi tí orí ọ̀rọ̀ wà, kí o má baà lù ú ní ìdoríkodò.

Ní ọjọ́ kejì, fi fóòmù sínú ìdérí agolo, kí o sì da tàdáwà díẹ̀ sí i títí yóò fi rin láìkún. Fi òǹtẹ̀ kan fóòmù náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí o lù ú lórí ìwé àlòkù ná. Bí ibi tí o gé bá ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, gé e jìn sí i. Nígbà tí ó bá ń jáde mọ́ tónítóní, lù ú lórí ìwé funfun kejì: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tààrà, má yí i, kí o sì gbé e sókè tààrà. Bí ó bá gbẹ, gé ìwé náà yí ọ̀rọ̀ náà ká, ní 7 sẹ̀ǹtímítà sí 4.

Wá mú páálí. Fi rúlà wọn 10 sẹ̀ǹtímítà nínú 20 náà, fa ìdí bírò tí kò ní tàdáwà mọ́ níbẹ̀ kí ó lè là, kí o sì ṣẹ́ ẹ po. Ojú káàdì yóò jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 15 ní gíga. Gé ìwé aláràbarà ní 8 sí 13, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káàdì, kí ó ṣẹ́ ku 1 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbẹ́ tí o ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì, kí káàdì lè ṣí bí ìwé. Lẹ ìwé tí o lu òǹtẹ̀ sí mọ́ àárín rẹ̀, kí o sì kó ìwé wúwo lé e fún wákàtí kan.

Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ inú. Má ṣe kọ "Kú ọdún" sí òbí rẹ. Ọmọ kì í kí àgbà bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ọdún, ìyá mi. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Èmi ni, ọmọ yín." Kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀. Bí bàbá ni o fẹ́ kí, ọ̀nà kan náà ni; BÀBÁ ni kí o fín.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, dígí ni mo kọ́kọ́ wá. Ìyá mi gba káàdì mi kejì, wọ́n sì kà á láìfi ìka tọ̀ ọ́. Ìwọ náà, wá dígí rẹ kí o tó mú bíléèdì.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

1. Ètò. Iṣẹ́ tí ó ń gba àkókò ni ó ṣáájú. Nígbà tí ìwé ń gbẹ, òǹkọ̀wé ti ń ṣe òǹtẹ̀. Ètò yìí fi hàn pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí.

2. Ìkìlọ̀ ṣáájú ewu. "Wàyí o, dúró!" wá kí bíléèdì tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò ti ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fín rọ́bà tán kí ó tó wá kọ pé, "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o ti kọ́kọ́ yí i padà." Ìkìlọ̀ tí ó dé lẹ́yìn ìpalára kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́.

3. Ìtàn kékeré. A ti sọ pé àròkọ aṣàlàyé kì í ṣe ìtàn. Èwo wá ni ti ìyá tí ó ka "Àyí"? Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì ń ti ìgbésẹ̀ tí ó ṣòro jù lẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, òǹkọ̀wé padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ìtàn bá ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ mọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan, lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ fi í kún ojú ewé ni, fi í sílẹ̀.

4. Ọ̀wọ̀. "O" ni òǹkọ̀wé fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "wọ́n" ni ó lò fún ìyá rẹ̀. "A" tí ó lò nínú "bí a ti ń kà á" dúró fún gbogbo ènìyàn. Kò fi í rọ́pò "o".

5. Àmì tí ojú lè rí. Kò sọ pé "rò ó dáadáa" kí ó sì dákẹ́, ó ní "títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu." Ẹni tí kò ṣe é rí mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÍ Ó YẸ KÍ O YẸRA FÚN

(a) Àlàyé tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: "Mú rọ́bà, gé e, kí o sì lù ú lórí ìwé." Rọ́bà wo? Kí ó tóbi tó kí ni? Kí ni a ó gé kúrò, kí ni a ó fi sílẹ̀? Ẹni tí ó kọ èyí mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó fi ìmọ̀ náà pamọ́ sínú orí ara rẹ̀.

(b) Dída ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ pọ̀: "A ó mú páálí, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣẹ́ ẹ, kí o sì lẹ̀ ẹ́." Ènìyàn mélòó ni ó ń ṣe káàdì yìí? Tún un kọ: "Mú páálí, ṣẹ́ ẹ po, kí o sì lẹ ìwé aláràbarà mọ́ ọn."

(d) "Lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà." Ọ̀rọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni a ní. Lo "bí ó bá gbẹ tán", "kí ó tó gbẹ", "nígbà tí ìwé bá ń gbẹ lọ́wọ́", "ní ọjọ́ kejì". Wọ́n ń sọ ìgbà tí a ó ṣe nǹkan, wọ́n sì tún ń so gbólóhùn pọ̀.

(e) Àmì ohùn. Ronú lórí òǹtẹ̀ inú àròkọ wa. Àmì méjì ni ó yí padà tí ìyá fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nínú ìwé ìdánwò. Bí o bá kọ "Mo fi ọkọ̀ ro oko", olùdánwò kò ní í mọ̀ pé ọkọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ òǹkàwé láti tún àmì rẹ fi sí i, kò sì yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀ bóyá òun ni kò mọ̀ ọ́n kà.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní lẹ́tà ńlá pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí o sì gbé wọn sí iwájú dígí: ATA, OWÓ, ÌWÀ, ỌMỌ, ỌWỌ́. Méjì nínú wọn kò ní í yí padà. Àwọn wo ni? Kọ ohun tí dígí sọ àwọn mẹ́ta yòókù dà.

2. Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ lórí bí a ṣe ń ṣe àpò ìwé tí káàdì oní 10 sẹ̀ǹtímítà sí 15 lè wọ̀. Fa ìlà sí abẹ́ ìgbésẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí a bá fò ó, káàdì kò ní í wọ inú rẹ̀.

3. Kọ àròkọ náà. Nígbà tí o bá kọ ọ́ tán, fún àbúrò rẹ kan kí ó fi ṣiṣẹ́ lójú rẹ. Má sọ̀rọ̀ rárá. Gbogbo ìbéèrè tí ó bá bi ọ́ jẹ́ ìgbésẹ̀ tí o fò. Kọ wọ́n sílẹ̀, kí o sì dá wọn padà sí àyè wọn nínú àròkọ rẹ.

Ní yàrá ìdánwò, kò ní í sí àbúrò tí yóò bi ọ́ léèrè, olùdánwò kò sì ní í lè pè ọ́ wá ṣe àlàyé. Nítorí náà, fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn ka iṣẹ́ rẹ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Òun ni dígí rẹ. Bí ohun tí o fẹ́ sọ bá hàn nínú rẹ̀, fi ìwé rẹ sílẹ̀ kí o sì máa lọ.